Ẹ Mú Ọkọ Yín Wá fún Àyẹ̀wò

Bí ẹ bá ti rí ọ̀gá kan rí tó máa ń kí ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀ kó tó kí ìyàwó rẹ̀, ẹ sún mọ́ mi, torí ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí ẹ kò bá sì tíì rí irú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ kò tíì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kankan rí. Ẹ kú oríire.

Ọkùnrin yìí ni olórí Ilé-iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń yẹ bíréèkì, iná àti táyà gbogbo mọ́tò ìlú wò. Ó sanra níwọ̀nba, ó ga níwọ̀nba, ohùn rẹ̀ nìkan ni kò níwọ̀n. Ó ti pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa pe òun ní Ọlọ́lá Jùlọ. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Tó bá ti kọjá tán, Fèrè ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ní afẹ́fẹ́ lásán ló ń gba inú rẹ̀ kọjá tó fi ń dún tó bẹ́ẹ̀. Fèrè lèmi náà máa pè é. Ọ̀nà wa jìn, n kò lè máa ru Ọlọ́lá Jùlọ kiri.

Fèrè ní akọ̀wé kan tí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an kò yé ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n sọ ọ́. Láràárọ̀, bí mọ́tò ọ̀gá bá ti yọ lẹ́nu géètì, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á sáré lu ilẹ̀kùn gbogbo ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ á jáde, wọ́n á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Fèrè á máa gba àárín wọn kọjá, á máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wúkọ́.

"Ikọ́ yẹn jinlẹ̀, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Ikọ́ ẹni tó ń ronú ni."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní ọjọ́ kejì, bí Fèrè ṣe tún wúkọ́, odidi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló mi orí, ẹnì kan ní ẹ̀ka ìṣirò sì pàtẹ́wọ́.

Lókè ilé náà, lẹ́yìn yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí, ni àwọn tó ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà wà. Yàrá náà kéré, fáànù rẹ̀ ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, àmọ́ iṣẹ́ ń jáde níbẹ̀. Obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì ni olórí wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń dán gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe wò kó tó jáde. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé fún un, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa sọ: "Ẹ jẹ́ ká wò ó." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ká-Wò-Ó nìyẹn.

Àwọn wọ̀nyí kò kọ ìlànà kankan sára ògiri. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á bi ara wọn pé, kí ló bàjẹ́ lánàá? Wọ́n á kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú nǹkan kékeré kan, kékeré tí ọwọ́ lè ká kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ṣe é dójú àmì. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn mẹkáníìkì àti àwọn awakọ̀ nínú ọgbà, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ wò." Bí awakọ̀ kan bá ní òun kò rí ibi tí òun máa tẹ̀, wọn kì í ní kó lọ ra awò ojú. Wọ́n á padà sókè, wọ́n á sọ ibẹ̀ di ńlá. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe á tètè sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa jágbe mọ́ ọn. Iṣẹ́ náà kò pariwo. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Fèrè mọ̀ pé ó wà.

Nígbà tó yá, bíréèkì tírélà kan já lórí òkè, ó sì sáré wọ inú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó wó ògiri rẹ̀ palẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, àwọn ọmọ wà nínú ìsinmi. Ọ̀gá àgbà iléèwé náà dúró lórí bíríkì tó fọ́, ó ń wo ibi tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń jẹun. Ọ̀gá àgbà yìí kì í ṣe ẹlòmíràn, ìyàwó Fèrè ni.

Nígbà tó délé, ó bi ọkọ rẹ̀ pé: "Tírélà tó wó ògiri mi, ìgbà wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?"

"Ìyàwó mi àtàtà," ni Fèrè wí, ó sì dìde dúró bó ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ gùn, "àyẹ̀wò ọkọ̀ jẹ́ òpó kan pàtàkì nínú ilé ìlọsíwájú..."

"Ìgbà wo?"

Fèrè kò mọ̀. Ó jókòó padà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Mínísítà. Mínísítà yìí, obìnrin ni, àgbàlagbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò rárá. Ó ránṣẹ́ pe Fèrè àti Ìyá Ìbejì.

"Mo fẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa dé sórí fóònù gbogbo ẹni tó ní mọ́tò, tí àyẹ̀wò rẹ̀ bá ti tó," ló wí. "Èyí tó bá ti gbó jù, ìjọba á gbà á, ẹni tó ni ín á fi gba èyí tó sàn díẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Kó bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé. Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"A lè fi ránṣẹ́ sí èèyàn díẹ̀ lọ́la, mà," ni Ìyá Ìbejì dáhùn. "Tí a bá ti rí bó ṣe rí lọ́wọ́ wọn, a ó máa fi kún un lójoojúmọ́."

"Ó dáa." Mínísítà dìde, ó ti tán.

Àmọ́ Fèrè kò lè dìde. Èèyàn díẹ̀? Lọ́la? Láìsí kánópì, láìsí máìkì, láìsí ẹni tó máa ya fọ́tò? Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó gbàgbé láti wúkọ́ nígbà tó padà dé ọ́fíìsì.

Ohun tó ṣe ni pé ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan ńlá kan dúró sí, tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì bò.

"Ẹ̀yin ọmọ mi nínú iṣẹ́!" ni Fèrè fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin tí oòrùn ọlá mi ń ràn lé lórí láìsan kọ́bọ̀! Òní yìí ni ọjọ́ tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa fi ka ọjọ́. Wọ́n ní kí a ṣe nǹkan kékeré. Mo wá bi ara mi léèrè pé: ṣé mo jọ ẹni kékeré?"

"Ẹ ò jọ ọ́, sà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà ké.

"Mo bi ilẹ̀, mo bi òfuurufú!"

"Òfuurufú náà ní ẹ ò jọ ọ́, sà!"

Wọ́n ṣí aṣọ kúrò. Òkúta mábù ni, wọ́n fi wúrà kọ̀wé sí i lára: ÌLÀNÀ ỌLỌ́LÁ FÚN IṢẸ́ RERE OJOOJÚMỌ́. Ó ga ju Fèrè lọ, ó sì jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni wọn kò fi rí fáànù tuntun rà fún yàrá òkè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ hàn sí ojú ẹnikẹ́ni títí yóò fi tóbi. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lọ máa bẹ awakọ̀ nínú ọgbà pé kó bá wọn tẹ nǹkan wò, ẹ̀tẹ́ ni. Lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yí padà láìjẹ́ pé Ọlọ́lá Jùlọ fi ìka ara rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí kì í padà sẹ́yìn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bọ́tìnì ìdádúró sínú rẹ̀. Èyí tí Fèrè fẹ́ràn jù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: ìròyìn burúkú, nínú ìwé nìkan, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ fún yín pé lọ́jọ́ Ẹtì, Fèrè kì í dúró di ọ̀sán.

Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sókè. "Ẹ dákun, sà. Iṣẹ́ rere ojoojúmọ́ lẹ pè é. Tí kò bá hàn sí ẹnikẹ́ni, báwo la ṣe máa mọ̀ pé rere ni?"

"Ẹ máa mọ̀ ọ́n nínú ọkàn yín," ni Fèrè dá a lóhùn.

"Tí àṣìṣe bá wà ńkọ́, sà, tí kò sì sí bọ́tìnì ìdádúró?"

Fèrè wo ọ̀tún, ó wo òsì, bíi pé ó ń wá ẹni tó bú u. "Àṣìṣe? Ta ló ń retí àlejò yẹn?"

Láti ọjọ́ náà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tan kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ní láti dúró níwájú òkúta náà, kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè. Àkókò tí wọ́n máa ń fi bi ara wọn tẹ́lẹ̀ pé kí ló bàjẹ́ lánàá nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń béèrè ìdí tí àwọn ará òkè kò fi yọjú mọ́. Ká-Wò-Ó á kàn dúró lójú fèrèsé, á máa wo àwọn awakọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ ẹran mọ́.

Nígbà tí ètò náà parí, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ lọ fún Fèrè kó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìbejì ti kọ ọ́ ní kedere: Ilé-iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ọkọ̀ ń kí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yín wá sí ọgbà wa. Fèrè mú bírò pupa.

"Ilé-iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ọkọ̀ ń kí wọn? Ṣé ilé-iṣẹ́ ní ẹnu ni? Èmi ni mò ń kí wọn. Ẹ kọ Ọlọ́lá Jùlọ síbẹ̀, ó tó. Ọgbà tí epo ti kun gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ yẹn? Rárá o, pápá ìṣeré ni. Kí ni ayọ́kẹ́lẹ́? Ọ̀rọ̀ ojú pópó ni, ẹ yọ ọ́." Ó wá gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. "Kí wá ni àwọn nǹkan dúdú tó bà sórí ọ̀rọ̀ mi wọ̀nyí?"

"Àmì ohùn ni, sà," ni Ká-Wò-Ó dáhùn.

"Ó dà bíi pé eṣinṣin ṣu sí i. Ẹ nù ún kúrò."

"Sà, tí àmì yẹn bá kúrò, tí ayọ́kẹ́lẹ́ náà tún kúrò, àwọn èèyàn lè kà á sí ọkọ tí wọ́n fẹ́ sílé."

Fèrè rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ni-Sà náà rẹ́rìn-ín, ó sì wo ojú ọ̀gá kó lè mọ ibi tó yẹ kí òun dá a dúró sí.

"Irú èèyàn wo," ni Fèrè béèrè, "ló máa rò pé Ọlọ́lá Jùlọ, pẹ̀lú gbogbo ẹrù ìlú tó wà lọ́rùn rẹ̀, ń wá ọkọ ọlọ́kọ kiri?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú ilé yìí nìkan lákọ̀ọ́kọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

"Ìwọ, ṣé o ti rí oòrùn tó kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò kó tó yọ?"

"Kò sí, sà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà fèsì. "Oòrùn ò gbọdọ̀ dán an wò."

Fèrè tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ohun tó dé sórí fóònù gbogbo ẹni tí àyẹ̀wò mọ́tò rẹ̀ ti tó nínú ìlú náà nìyí:

LATI ỌWỌ ỌLỌLA JULỌ. Ẹ mu ọkọ yin wa fun ayẹwo ni papa iṣere laarọ ọla. Eyi to ba n ru eefin, to n pariwo ju, tabi ti ko duro nigba ti ẹ ba fẹ ko duro, a o gba a lọwọ yin. Bi ọkọ yin ba ti gbo, ẹ le fi gba eyi to san diẹ ni ẹdinwo.

Nínú ilé kan, aránṣọ kan pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá kà á. Ọkùnrin náà kà á tán, ó ní, "Ṣé èmi ni wọ́n ní mò ń pariwo jù?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀," ni aránṣọ wí. "Ìjọba ló sọ ọ́."

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ fọ gbogbo àwo tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ká-Wò-Ó obìnrin ló kọ́kọ́ pe yàrá òkè. Kí Ìyá Ìbejì tó gbọ́rọ̀ rẹ̀ tán, ó ti kọ àtúnṣe sílẹ̀. Ohun tó kù ni ìka Fèrè. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó bá Bẹ́ẹ̀ni-Sà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ṣé ìròyìn rere ni?" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà béèrè.

"Rárá. Ọ̀ràn pàjáwìrì ni."

"Òní ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

"Ẹ lọ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn, ó ń kígbe pe ọ̀gá. Fèrè wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níwájú dígí, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́ ariwo náà. Ó rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń yìn ín. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì pe ọ́fíìsì Mínísítà, wọ́n ní ó wà lẹ́nu ìrìn àjò, pápá ìṣeré ló máa lọ tààrà tó bá dé.

Ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí Fèrè gun orí pèpéle, tó rí èrò tó kún pápá náà bámúbámú, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Kò rí mọ́tò kankan. Ohun tó rí ni àwọn obìnrin, tí olúkúlùkù wọn di ọwọ́ ọkùnrin kan mú. Àwọn ọkùnrin náà ti fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n sì dákẹ́ rọ́rọ́. Fèrè kò rí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Nígbà wo ni èrò ò ní dákẹ́ tí òun bá fẹ́ sọ̀rọ̀? Mínísítà ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo pápá, ó sì ń fajú ro.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" Máìkì náà han. "Mo rí i pé ẹ ti mú wọn wá! Ẹ má fòyà, ọwọ́ wa máa kan gbogbo wọn. A máa gbé wọn sókè, a máa wo abẹ́ wọn!"

Èrò náà mí kanlẹ̀. Ọkọ aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́líìtì rẹ̀ mú.

"Àwọn tó ti gbó, tí wọn ò wúlò mọ́, a máa tú wọn palẹ̀, a máa ta ara wọn ní ẹyọ-ẹyọ!"

Ọkùnrin kan sá lọ. Ìyàwó rẹ̀ sá tẹ̀ lé e, ó ń pè é pé kó má bẹ̀rù, òun ò ní fi í sílẹ̀ fún wọn. Obìnrin mìíràn ti bọ́ síwájú pèpéle, ó na ọrùn sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọn tó sàn díẹ̀ yẹn, ibo lẹ kó wọn sí? Ká kọ́kọ́ rí wọn ná."

"Èmi ò ní ọkọ o!" ni káfíńtà kan ń pariwo láti ẹ̀yìn. "Ọkùnrin ni mí! Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ní ọkọ?"

Nọ́ọ̀sì kan tó ti ń bínú bọ̀ láti ilé tún gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Tèmi ló burú jù. Ìyá mi ló mú fóònù mi nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé. Láti àná ló ti ń bi mí pé ta ni mo fẹ́ láìjẹ́ kí òun mọ̀."

Fèrè gbọ́ gbogbo èyí, àmọ́ etí tó fi gbọ́ ọ kò bá ọpọlọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, ó na ọwọ́ sí gbogbo wọn. Ìgbà náà ni èrò pín sí méjì, tí obìnrin kan sì gba àárín wọn bọ̀. Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ le. Ìyàwó Fèrè ni. Mọ́tò tirẹ̀ náà wà nínú àwọn tí àyẹ̀wò tó. Ó gun pèpéle, ó kúnlẹ̀ kí Mínísítà, ó sì gba máìkì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ló wí. "Èmi náà gba àtẹ̀jíṣẹ́. Wọ́n ní kí n mú tèmi wá. Tèmi ti wà níbí kí n tó dé, òun ló dúró yìí. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Họ́ọ̀nù rẹ̀ ń dún dáadáa, n kò fẹjọ́ ìyẹn sùn. Bíréèkì ni kò ní."

Ẹ̀rín tó bẹ́ ní pápá yẹn, àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi gbéra. Olórí mẹkáníìkì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ọkọ gan-an rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí ara tù wọ́n láti ọ̀sán ọjọ́ Ajé nìyẹn. Fèrè fi ojú wá Bẹ́ẹ̀ni-Sà, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín ìyìn ni.

Ó ṣeé ṣe kí n parí rẹ̀ síbẹ̀ yẹn, kí gbogbo wa lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ obìnrin kan wà níwájú pèpéle tí kò rẹ́rìn-ín. Kò mú ẹnikẹ́ni dání. Fóònù nìkan ló dì mú.

"Ọkọ mi ti kú," ló wí. Kò pariwo, síbẹ̀ gbogbo èèyàn gbọ́. "Mọ́tò rẹ̀ ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ. Ẹ ní kí n mú ọkọ mi wá. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń kà á léraléra. Mo rò pé ẹnì kan ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mínísítà sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó gba fóònù náà, ó kà á. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sókè.

"Ta ló yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Olórí wa àpọ́nlé," ni Fèrè bẹ̀rẹ̀, "tí a bá fi ojú inú wo ìrìn àjò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí àwọn ọmọ orí kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, láìfi ti ìkìlọ̀ mi ṣe..."

Mínísítà kò jẹ́ kó débì kan. Ó kọjú sí akọ̀wé Fèrè. "Ṣé òun ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà dáhùn.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ má bínú sí i, kò ní i lọ́kàn. Ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Ìgbà wo lẹ lè tún un ṣe?" ni Mínísítà bi Ìyá Ìbejì.

"A ti tún un ṣe láti àná, mà. Ìka wọn la ń dúró dè."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá. Lójú gbogbo èrò, Fèrè na ìka rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò.

Wọn kò fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn díẹ̀ tó wà níwájú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, Ká-Wò-Ó sì bẹ aránṣọ pé kó kà á sókè.

"Ilé-iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ọkọ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀," ni aránṣọ kà. "Ẹ forí jì wá. Àṣìṣe ni a ṣe. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, mọ́tò tí ẹ ń wà, ni a ní lọ́kàn, a kò bá ọkọ ẹnikẹ́ni wí."

"Ṣé ó yé yín, mà?" ni Ká-Wò-Ó béèrè.

"Ó yé mi." Ó wo ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ fún un o, ẹ jẹ́ kó ṣì máa fọ àwo."

Ọkọ rẹ̀ ti gbọ́. Ó yọ ọwọ́ kúrò lára bẹ́líìtì rẹ̀, ó mí.

Wọn kò lé Fèrè kúrò nínú iṣẹ́. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Wọ́n sọ ọ́ di olórí Ẹ̀ka Táyà Àlòkù, ní ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tí kò ti ní ẹnikẹ́ni lábẹ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń bá àwọn táyà náà sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀. Wọ́n fi Ìyá Ìbejì sí ipò rẹ̀, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì ń bá iṣẹ́ akọ̀wé lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Ìbejì gbé ìwé kan síwájú rẹ̀, ó ní, "Kí ni ẹ̀yin rò sí i?" Ojú Bẹ́ẹ̀ni-Sà yí padà. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì gba ìsinmi.

Yàrá òkè padà sí bó ṣe wà. Àwọn díẹ̀ lónìí, àwọn díẹ̀ sí i lọ́la, àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ, mọ́tò ń wọlé. Èyí tí àwọn èèyàn kò bá lóye, wọ́n á tún un kọ. Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, ó kan mọ́tò Fèrè. Mọ́tò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mò ń wí, torí wọ́n ti gba ti ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó sì ti wà nílé láti ọjọ́ yìí ló ń wà báyìí. Ó tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn án, mẹkáníìkì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní kó sáré díẹ̀, kó sì tẹ bíréèkì.

"Ìwọ, ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?" ni Fèrè bi í láti ojú fèrèsé mọ́tò.

"Rárá o, bàbá. Ẹ ṣáà sáré, kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Fèrè sáré. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé ìsàlẹ̀, mọ́tò kò gbọ́. Ó tún un tẹ̀, kò gbọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn èèyàn kọjá fìrì, ó kọjá lára ògiri, ó sì lọ kọ lu òkìtì táyà àlòkù tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí wọn. Àwọn táyà náà gbà á mọ́ra, ó dúró.

Nǹkan kan kò ṣe é. Ó jókòó sínú mọ́tò náà pẹ́. Ọ̀nà orí òkè ni òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń gbà lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí á gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé sórí itan, tí á máa ṣàmì sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá òkè. Gbogbo wọn gbé ojú sókè, Fèrè ni wọ́n rí. Kò wọ kóòtù. Ìyá Ìbejì tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dìde, ẹnì kan rọra fà á ní aṣọ pé kó jókòó, torí tí Fèrè bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá wà lórí ìdúró ló máa jìyà jù. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà tì. Wọ́n ká ọwọ́. Wọ́n ti ṣe tán.

Fèrè la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á.

"Ẹ ṣé o," ló wí.

Ó fa ilẹ̀kùn dé, wọ́n sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ká-Wò-Ó dìde, ó yọ́ lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọrùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé ó ń padà bọ̀ ni?" ni Ìyá Ìbejì béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó," ni Ká-Wò-Ó dáhùn. Ó wò ó títí. "Ó ti lọ."

Wọ́n tan kọ̀ǹpútà wọn padà.